Epo tí a ń Gbìn Lóko: Ta Ni Yóò Ra Èso Rẹ̀?

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ tuntun ní Nàìjíríà, Bọ́lá Tinúbú, kéde pé owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí epo ọkọ̀ ti dópin. Àwa ará Kétu, ará Ìpóbẹ̀, ará Ṣábẹ̀ àti ará Àjàṣẹ́ kò dìbò yàn án, kò sì sí ẹni tó bi wá léèrè. Síbẹ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan, owó kpayo tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà fò sókè. Owó zémíjàn tẹ̀ lé e, owó ẹ̀rọ tí ń lọ àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ náà kò sì gbẹ́yìn. Ìpinnu tí wọ́n ṣe ní Àbújá ti wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ wa.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, iná ṣẹ́ yọ níbi tí wọ́n ń kó epo fàyàwọ́ pamọ́ sí ní Sèmè-Kraké, lẹ́bàá ààlà. Ó kéré tán, ènìyàn 34 ló bá iná náà lọ. Orílẹ̀-èdè tí epo tirẹ̀ kò tó ń fi owó san gbèsè náà, ó sì ń fi ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ san án pẹ̀lú.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ kan fi ń padà wá sí ẹnu àwọn aláṣẹ ní ilẹ̀ Áfíríkà láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn: ṣé a kò lè gbin epo wa sóko ni? Epo tí a ń wí yìí ni àwọn onífaransé ń pè ní biocarburant. Ní èdè wa, ẹ jẹ́ kí a pè é ní epo ọ̀gbìn. Oríṣi méjì ló gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀. Èkíní ni ọtí líle tí a ń rí láti inú ìrèké, ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo, tí a lè dà pọ̀ mọ́ epo ọkọ̀. Èkejì ni òróró tí a fún láti inú èso, tí a lè fi rọ́pò díẹ́sẹ̀lì.

Ìdí méjì ni ìjọba máa ń tọ́ka sí. Àkọ́kọ́ ni pé owó tí à ń kó lọ ra epo nílẹ̀ òkèèrè yóò dúró sílé. Ìkejì ni ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, nítorí àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ayé ṣe ní Paris ní ọdún 2015, tí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú rẹ̀. Ìdí méjèèjì dára. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àgbẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba bá ti sọ̀rọ̀ tán. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí a mú lọ́wọ́ bí a ti ń lọ: ta ni yóò ra èso náà? Bí kò bá sí ẹni tó rà á, kí ni àgbẹ̀ yóò fi ṣe? Ilẹ̀ tí wọn yóò gbìn ín sí, kí ló wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Kì í ṣe ohun àjèjì

Ẹni tó bá ti dúró rí níbi tí wọ́n ti ń se sódábì ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. A óò jẹ́ kí ẹmu kan, a óò gbé e kaná, a óò gba ooru rẹ̀ sínú páìpù, omi tútù yóò sì sọ ooru náà di ọtí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń ṣe ọtí tí ọkọ̀ ń mu, àyàfi pé wọ́n ń yọ omi inú rẹ̀ ju bí alásè sódábì ti ń yọ ọ́ lọ.

Ti òróró náà kò yàtọ̀. Ní ọdún 1900, níbi Àfihàn Àgbáyé tó wáyé ní Paris, wọ́n fi òróró ẹ̀pà gbé ẹ̀rọ kan ṣiṣẹ́ níwájú àwọn ènìyàn. Ẹ̀rọ náà jẹ́ irú èyí tí Rudolf Diesel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ṣe. Diesel fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ìjọba Faransé ló ní èrò náà lọ́kàn, nítorí ẹ̀pà pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń jọba lé lórí ní Áfíríkà. Ẹ kíyè sí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti ń wo oko wa bí ẹni ń wo kànga epo. Wọn kò tíì bi ẹni tó ni oko náà ní ohunkóhun.

Ohun tí Bràsíl ṣe

Àwọn ìdílé Àgùdà ní Àjàṣẹ́ mọ orúkọ Bràsíl dáadáa. Àwọn baba ńlá wọn tó ti Bàhíà padà wá sí etíkun wa mọ ohun tí oko ìrèké jẹ́, nítorí ìrèké wà lára ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú kọjá òkun. Inú ìrèké yìí kan náà ni Bràsíl ti rí epo.

Ní ọdún 1973, owó epo rọ̀bì ní ayé di ìlọ́po mẹ́rin láàárín oṣù díẹ̀. Bràsíl nígbà náà ń ra nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 epo tó ń lò láti òkèèrè. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1975, Ààrẹ Ernesto Geisel fọwọ́ sí òfin tó dá ètò kan sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Proálcool. Ìjọba yá àwọn oníléeṣẹ́ ìrèké lówó pẹ̀lú èlé kékeré. Ó pàṣẹ pé kí a da ọtí ìrèké mọ́ epo ọkọ̀. Ó sì ṣe ìlérí pé òun yóò rí i pé wọ́n ra ọtí náà ní iye tí a ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Ní ọdún 1979, ọkọ̀ Fiat 147, tó ń mu ọtí nìkan, dé ọjà. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1980 sí 1990, nínú ọkọ̀ tuntun mẹ́wàá tí wọ́n ń tà, ó lé ní mẹ́sàn-án tó jẹ́ ọlọ́tí.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan dojú rú. Owó epo rọ̀bì wálẹ̀ ní ayé, owó ṣúgà sì gòkè. Oníléeṣẹ́ ìrèké tó ní ọjà méjì kò ní ìṣòro: ó yí padà, ó ń fi ìrèké rẹ̀ ṣe ṣúgà tó ń tà sókè òkun. Onímọ́tò tó jẹ́ pé ọtí nìkan ni ọkọ̀ rẹ̀ mọ̀ ní tirẹ̀ wà lórí ìlà níwájú ilé epo tí kò ní nǹkan kan nínú. Èyí ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1989 sí 1990, àwọn ènìyàn sì sá fún ọkọ̀ ọlọ́tí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tó gba ètò náà là ni ọkọ̀ tó ń mu méjèèjì, tó jáde ní ọdún 2003. Onímọ́tò Bràsíl lónìí yóò dúró níwájú ilé epo, yóò ṣírò. Ó mọ̀ pé lítà ọtí kan kò lè gbé òun rìn jìnnà tó lítà epo rọ̀bì kan. Bí owó ọtí bá ju nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 owó epo lọ, yóò ra epo; bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, yóò ra ọtí. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba Bràsíl ti pàṣẹ pé ìdá 30 nínú 100 epo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọtí.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ni pé olúkúlùkù nílò ilẹ̀kùn kejì. Ilé-iṣẹ́ ní in láti ìbẹ̀rẹ̀: bí ọtí kò bá tà, ṣúgà yóò tà. Onímọ́tò kò ní in, ìyà sì jẹ ẹ́ títí di ọdún 2003. Ṣùgbọ́n ẹni kan ṣì wà tí a kò tíì dárúkọ: àgbẹ̀ kékeré.

Lárà, àti ìlérí tí kò dé oko

Ìjọba Bràsíl náà rí i pé àwọn olóko ńlá ni Proálcool sọ di ọlọ́rọ̀ jù. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kejì ní òpin ọdún 2004, èyí tó jẹ mọ́ òróró tí yóò rọ́pò díẹ́sẹ̀lì, wọ́n fẹ́ kí ó jẹ́ ti tálákà. Ohun ọ̀gbìn tí wọ́n gbé lárugẹ fún àwọn àgbẹ̀ kékeré ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn, níbi tí òjò kò ti pọ̀, ni lárà. Lárà yìí kò ṣàjèjì sí wa: àwọn onísègùn wa mọ ewé rẹ̀, àwọn ọmọ olórìṣà ní Bàhíà sì ń pè é ní ewé lárà títí di òní. Ilé-iṣẹ́ tó bá ra èso lọ́wọ́ àgbẹ̀ kékeré yóò gba òǹtẹ̀ kan lọ́wọ́ ìjọba, owó orí rẹ̀ yóò sì dín kù.

Ètò náà dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n òróró lárà ki púpọ̀ fún ẹ̀rọ, àwọn tó ń ṣe oògùn, ọ̀dà àti gírísì sì ń rà á ní owó tó ju ti epo ọkọ̀ lọ. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ ń ra lárà kí wọ́n lè gba òǹtẹ̀, wọ́n ń tà á síbòmíràn, wọ́n sì ń fi òróró sóyà ṣe epo. Sóyà yìí, láti oko ńláńlá, ló gba ibi tí lárà ìbá jókòó sí. Ní ìparí ọdún 2025, ìdá 15 nínú 100 díẹ́sẹ̀lì ní Bràsíl jẹ́ epo ọ̀gbìn, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ sóyà. Orílẹ̀-èdè náà dé ibi tó ń lọ, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n torí wọn bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò náà kò bá a dé ibẹ̀.

Bọ̀tujẹ̀ ní Sẹ̀nẹ̀gàl àti ní Málì

Ẹ jẹ́ kí a padà sí etílé. Ní ọdún 2006, Ààrẹ Abdoulaye Wade pe àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí kò ní epo rọ̀bì jọ sí Dakar kí wọ́n lè jọ wá epo mìíràn. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà níbẹ̀. Igi tí gbogbo ènìyàn ń dárúkọ nígbà náà ni jatropha, èyí tí àwa ń pè ní bọ̀tujẹ̀ tàbí lápálápá, tí àwọn bàbá wa ń gbìn yí oko ká nítorí pé ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́. Wọ́n ní ó ń hù lórí ilẹ̀ gbígbẹ, wọ́n ní kò fẹ́ omi, wọ́n ní kò ní bá oúnjẹ du ilẹ̀.

Ìjọba Sẹ̀nẹ̀gàl ṣe ètò pé kí ìjọba ìbílẹ̀ ìgbèríko kọ̀ọ̀kan, 321 ni gbogbo wọn, gbin bọ̀tujẹ̀ sórí hẹ́kítà 1 000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ hẹ́kítà 321 000 kí ọdún 2012 tó parí. Ohun tí wọ́n gbìn kò sún mọ́ iye yìí rárá. Òótọ́ ni pé bọ̀tujẹ̀ kì í kú lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí kò kú lè má so. Láìsí omi àti ajílẹ̀, èso rẹ̀ kéré. Bí a bá sì fún un ní omi àti ajílẹ̀, a ti gba ohun tó tọ́ sí àgbàdo nìyẹn.

Ní Málì, wọ́n gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ní Garalo, ní ìhà gúúsù, wọ́n gbé ẹ̀rọ iná mànàmáná kalẹ̀ fún àwọn ará ìlú, pẹ̀lú èrò pé òróró bọ̀tujẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ àdúgbò gbìn ni yóò máa gbé e ṣiṣẹ́. Iná tàn lóòótọ́, èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n èso tí wọ́n rí kò tó, díẹ́sẹ̀lì ló sì wá ń gbé ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ jù.

Ẹ wá fi ìbéèrè wa kejì wò ó. Bí kò bá sí ẹni tó ra ìrèké, a lè fi ṣe ṣúgà. Bí kò bá sí ẹni tó ra ẹ̀gẹ́, gàrí ni. Bí kò bá sí ẹni tó ra bọ̀tujẹ̀ ńkọ́? Èso rẹ̀ ní májèlé, ènìyàn kò lè jẹ ẹ́, ẹran ọ̀sìn kò lè jẹ ẹ́. Àgbẹ̀ tó gbìn ín wà nínú yàrá tí kò ní ju ilẹ̀kùn kan lọ, ẹlòmíràn ló sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ní ti ìbéèrè kẹta, ẹ rántí Fanaye, ní Sẹ̀nẹ̀gàl. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2011, àwọn ará ìlú náà jà nítorí hẹ́kítà 20 000 tí wọ́n fẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan fún ètò epo ọ̀gbìn. Ènìyàn méjì kú. Ilẹ̀ tí wọ́n kọ sínú ìwé pé ó ṣófo, àwọn darandaran ń da ẹran lórí rẹ̀, àwọn òkú wọn sì wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ kì í ṣófo ní ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá sọ pé ó ṣófo, kò tíì béèrè lọ́wọ́ onílé ni.

Ìṣirò ojú ọjọ́

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń béèrè pé: bí a bá jó epo ọ̀gbìn, ṣé kò ní èéfín ni? Ó ní. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ohun ọ̀gbìn gbà sára nígbà tó ń dàgbà ni iná ń dá padà. Ó dà bí àjọ: iye tí ẹnì kan dá ló kó. Epo rọ̀bì ní tirẹ̀ ń hú ohun tó ti sùn sínú ilẹ̀ fún àìmọye ọdún, ó sì ń dà á sí ojú ọ̀run.

Àmọ́, bí a bá gé igbó kí a tó rí ilẹ̀ gbin epo sí, a ti ta ilé baba wa kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí dá àjọ. Kábọ́ọ̀nù tó wà nínú igi igbó àti nínú ilẹ̀ rẹ̀ yóò jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pọ̀ ọdún ni epo ọ̀gbìn yóò sì fi san gbèsè náà. Láàárín ọdún 2007 sí 2008, nígbà tí owó oúnjẹ gòkè káàkiri ayé, Jean Ziegler, tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oúnjẹ fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, bu ẹnu àtẹ́ lu fífi oúnjẹ ṣe epo, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a dá a dúró fún ọdún márùn-ún. Àwọn àgbà wa ti sọ pé bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ètò ojú ọjọ́ tó bá mú ebi wọlé kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ohun tó wà nílé

Ṣé kí a wá káwọ́ gbera ni? Rárá. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí a tó wá ilẹ̀ tuntun, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a ń dà nù lórí ilẹ̀ tí a ti ń ro.

Ní ọdún 1975, ọdún kan náà tí Bràsíl bẹ̀rẹ̀ Proálcool, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ dá ilé-iṣẹ́ ṣúgà sílẹ̀ ní Ṣábẹ̀. Bí a bá ti yọ ṣúgà kúrò nínú omi ìrèké, omi dúdú kan máa ń ṣẹ́kù tí wọ́n ń pè ní mélasse, a sì lè fi ṣe ọtí. Háhá ìrèké náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ Bràsíl ń jó láti fi ṣe iná mànàmáná tiwọn. Ọtí àti iná, láìfi hẹ́kítà kan kún oko.

Ní agbègbè Ṣábẹ̀ kan náà, kájú pọ̀. Láti ọdún 2024 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti fòfin de kíkó kájú tútù lọ sókè òkun, kí a lè máa ṣe é nílé. Ó dára. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àsìkò ìkórè, èso kájú tó lómi, tó dùn, ń jẹrà lábẹ́ igi nítorí pé kóró nìkan là ń wá. Ohun tó ní ṣúgà nínú ni, ohun tó ní ṣúgà nínú sì lè di ọtí. Èèpo kóró náà ní òróró, ó sì ń jó dáadáa.

Ní Àjàṣẹ́, láti ọdún 1985 tí Bàbá Godfrey Nzamujo ti dá Songhai sílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ bí a ṣe ń fi ìgbẹ́ ẹran àti pàǹtírí ṣe gáàsì tí a fi ń dáná. Ohun tó ṣẹ́kù níbẹ̀ ń di ajílẹ̀ fún oko. Èyí kan àwọn ìyá wa ju ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lọ, nítorí igi àti èédú ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ṣì fi ń se oúnjẹ. Àpò èédú tí ẹ ń rí lẹ́bàá ọ̀nà láti Ṣábẹ̀ dé Kútọnu, igbó wa ni. Bí ìjọba bá fẹ́ fi owó ojú ọjọ́ ṣe ohun kan tí a óò rí lójú, ìdáná àwọn ìyá wa ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí a béèrè

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnì kan yóò wá sí ìlú yín pẹ̀lú àwòrán oko aláwọ̀ ewé lórí ìwé dídán. Ó lè jẹ́ oníléeṣẹ́, ó lè jẹ́ aṣojú ìjọba. Ẹ má lé e. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ẹ fún un ní omi mu, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta náà níwájú ọba, níwájú méèrì àti níwájú gbogbo ará ìlú.

Ta ni yóò ra èso náà, ní iye wo, fún ọdún mélòó, ta ló sì fọwọ́ sí i? Ìlérí ẹnu kò tó. Àwọn olóko ńlá ní Bràsíl kò gbin ìrèké lórí ìlérí ẹnu. Bí kò bá rà á mọ́, ṣé a lè jẹ ẹ́, ṣé a lè tà á fún ẹlòmíràn? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ gbìn ín sí ìpẹ̀kun oko bí ọgbà, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa ti ṣe, kí ẹ fi àárín oko sílẹ̀ fún iṣu àti àgbàdo. Ilẹ̀ tí ó ń tọ́ka sí nínú àwòrán rẹ̀, ta ló ń dá oko níbẹ̀, ta ló ń da ẹran níbẹ̀, obìnrin wo ló ń ṣa ẹ̀mí níbẹ̀?

Ìbéèrè kẹrin wà fún ìjọba nìkan. Àwọn ọmọ wa tó ń ta kpayo lẹ́bàá ọ̀nà kò yan iṣẹ́ eléwu náà nítorí pé wọ́n fẹ́ràn iná. Bí ètò epo ọ̀gbìn bá máa mú kpayo kúrò ní títì, iṣẹ́ wo ló mú wá fún ẹni tó ń tà á? Ṣé òun ni yóò máa kó èso kájú jọ? Ṣé òun ni yóò máa tún ẹ̀rọ gáàsì ṣe? Kí a kọ iṣẹ́ náà sínú ètò, kí a sì kọ owó rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀.